Ìwé Àyẹ̀wò Tó Dá Àdìjá Láre

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ní ìparí ìgbà òjò, ìyàwó ọmọ mi ru omi wọ àgbàlá wa ní Bantè. Kò tíì dé ìdí àmù nígbà tó dúró. Ó sọ báàfù omi náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí omi dà, ó fi ọwọ́ kan di ògiri mú, ó fi èkejì di ìró rẹ̀ mú. Kò ké. Mo wà lórí àga níwájú yàrá mi, mo ń gbọ́ ìròyìn lórí rédíò. Mo mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, nítorí pé mo ti rí obìnrin dúró báyẹn rí, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nínú àgbàlá yìí kan náà.

Àdìjá ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Savalou ni, ó wá láti ẹ̀yà Màhì, Ràfíù ọmọ mi kan ṣoṣo ló fẹ́ ẹ. Oyún náà ti lé ní oṣù méjì, òun sì ni ìkẹta tó bàjẹ́ láàárín ọdún mẹ́rin.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni mí. Mo kọ́ ọmọ ní Koko, ní Atokoligbé àti ní Bantè títí irun mi fi funfun. Mẹ́tírì ni gbogbo ìlú ń pè mí títí di òní, àní àwọn tí mi ò kọ́ rí. Mo ń kọ ìtàn yìí fún ìdílé tó bá wà níbi tí a wà lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí dókítà sọ fún wa. Mo tún fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí èmi ti ṣe kí dókítà tó sọ̀rọ̀, nítorí pé òun ló dùn mí jù.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Àlímọ̀, ni àgbà ilé wa. Ó pè wá jọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Àdìjá ṣì wà lórí ibùsùn ní ilé ìwòsàn kan ní Savalou nígbà náà, níbi tí wọ́n ti fọ ilé ọmọ rẹ̀.

"Ilé ọmọ ọmọbìnrin yìí kì í mú nǹkan dúró," ni Ìyá Àlímọ̀ wí. "Ẹ̀ẹ̀kan, a ní kò burú. Ẹ̀ẹ̀mejì, a gbàdúrà. Ẹ̀ẹ̀mẹta nìyí. Ṣé ká máa kà á lọ ni?"

Ràfíù ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kó kúrò lórí ibùsùn ná."

"Ìwọ dákẹ́. Aránṣọ ni ọ́. Aṣọ tó bá ya lẹ́ẹ̀mẹta lójú kan náà, ṣé abẹ́rẹ́ lo máa bá wí?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ síbí kí ẹ lè mọ̀ pé mo rẹ́rìn-ín.

Ní ilé tiwa, a kì í sọ fún obìnrin pé a lé e. À ń ní kí ó lọ sinmi lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Bí a bá fi àpò aṣọ kékeré rán an, yóò padà. Bí a bá di ìkòkò àti ọlọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, òun àti àwọn òbí rẹ̀ yóò mọ ohun tí a kò fi ẹnu sọ. Wọ́n bi mí pé kí ni ká dì fún Àdìjá. Èmi ni bàbá ọkọ, ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ náà wà. Mo ní kí wọ́n di gbogbo rẹ̀. Mo tilẹ̀ kọ orúkọ ẹrù náà sórí ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ohunkóhun má bàa sọnù lọ́nà. Bí mo ṣe máa ń ṣe nǹkan nìyẹn. Àdìjá kúrò ní ilé ìwòsàn, ó dé ilé bàbá rẹ̀ ní Savalou, ó bá ọlọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Dókítà tó tọ́jú rẹ̀, obìnrin kan tí kò tíì pé ogójì ọdún, ti ní kí Ràfíù náà wá ṣe àyẹ̀wò. Ó ní oyún mẹ́ta tó bàjẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan. Ìyá Àlímọ̀ gbọ́, ó bi wá pé, "Ta ló ń lóyún nínú wọn? Ràfíù ni?" Èmi ni mo ní kí Ràfíù lọ. Mi ò gba dókítà gbọ́ o. Mo ń wá ìwé tí yóò fi hàn pé ọmọ mi kò ní àbùkù, kí àwọn àna wa ní Savalou má bàa rí nǹkan wí.

Àyẹ̀wò àtọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ọkùnrin yóò yẹra fún obìnrin fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, lẹ́yìn náà yóò gba àtọ̀ rẹ̀ sínú ike kékeré kan tó mọ́ tónítóní, tó ní ìdérí. Wọn yóò fi ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó, wọn yóò ka iye irúgbìn ọmọ tó wà nínú rẹ̀, wọn yóò wò bóyá wọ́n ń rìn, bóyá orí àti ìrù wọn pé. Ojú ti Ràfíù láti ṣe é ní ilé ìwòsàn, ó bẹ̀ wọ́n pé kí òun ṣe é nílé. Wọ́n ní kò dára tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé Bantè jìnnà díẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá lè ṣe é níbẹ̀, kí ó yára, kí ó sì fi ike náà mọ́ ara rẹ̀ lábẹ́ aṣọ títí yóò fi dé.

Èmi ni mo tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe. Mo rántí pé nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì bá ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa ní Atokoligbé lórí alùpùpù, inú kúlà oníyìnyín ni wọ́n ń kó o sí. Èyí tí ooru bá mú, wọn a dà á nù. Mo sọ fún Ràfíù pé ohun tó bá ń tètè bàjẹ́, tútù là ń gbé e. Mo ra yìnyín lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta omi tútù, mo to ike náà sáàárín rẹ̀, mo fi okùn rọ́bà so kúlà náà mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù fúnra mi, mo sì jókòó tì í.

Ọkùnrin tó wà ní yàrá àyẹ̀wò ṣí kúlà náà. Ó wo Ràfíù, ó wò mí.

"Bàbá, ẹja lẹ gbé wá ni?"

"Nǹkan tí ẹ ní kó gbé wá ni."

"Àwa kọ́ la ní kí ẹ tò ó sínú yìnyín. Òtútù ti ṣe wọ́n báṣubàṣu. Ẹ ò ní rí ọ̀kan tó máa mira níbí."

Ẹ̀rín pa òun àti òṣìṣẹ́ kejì tó wà níbẹ̀. Ràfíù kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó gbọ́ ni pé kò sí ọ̀kan tó mira. Èmi tí mo yẹ kí n ṣàlàyé fún un pé àṣìṣe mi ni, mo dákẹ́, nítorí pé ó nira fún Mẹ́tírì láti sọ pé òun kò tẹ̀ lé ohun tí wọ́n ní kí òun ṣe.

Lẹ́ẹ̀kejì, ilé ìwòsàn náà ló ti ṣe é, nínú ilé ìwẹ̀ kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò tì dáadáa. Èmi bàbá rẹ̀ ni mo dúró níwájú ilẹ̀kùn, mo kẹ́yìn sí i, kí ẹnikẹ́ni má bàa tì í ṣí. Obìnrin aboyún méjì kọjá, wọ́n kí mi, mo dá wọn lóhùn. Mi ò tíì dúró níbi kan rí tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Àbájáde rẹ̀ sọ pé irúgbìn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ tó, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì rìn dáadáa. Dókítà ní ká dúró bí oṣù mẹ́ta kí á tún un ṣe, nítorí pé bí àkókò tí ara fi ń ṣe irúgbìn tuntun nìyẹn. A tún un ṣe. Bákan náà ni.

Ẹ jẹ́ kí n tún ohun kan ṣe níbí, nítorí pé mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọkùnrin lójoojúmọ́. Wọ́n á ní, "Èmi ò ní ìṣòro, agbára mi pé." Kí ọkùnrin lè bá ìyàwó rẹ̀ sùn, ọ̀tọ̀ ni. Kí irúgbìn rẹ̀ pé, ọ̀tọ̀ ni. Kí irúgbìn náà lè fún obìnrin lóyún, kí oyún ọ̀hún má sì lè dúró, ìyẹn náà ọ̀tọ̀ ni. Ojú kò lè rí èyíkéyìí nínú méjì tó kẹ́yìn.

Ìgbà náà ni dókítà pè wá wọ yàrá rẹ̀, èmi àti Ràfíù, ó ní kí n ka gbogbo oyún tó ti bàjẹ́ nínú ìdílé wa fún òun. Mo kà wọ́n létòlétò. Ti Àdìjá jẹ́ mẹ́ta. Ti ìyá Ràfíù, ìyàwó mi tó ti di olóògbé, jẹ́ mẹ́rin, Ràfíù nìkan ló yè. Lẹ́yìn náà mo dárúkọ Bàríkísù. Bàríkísù ni ìyàwó tí mo kọ́kọ́ fẹ́ nígbà èwe mi. Oyún mẹ́ta bàjẹ́ lára rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́fà, a sì ní kí ó lọ sinmi. Ó lọ sí Savalou, ó fẹ́ ọkùnrin mìíràn, ó bí ọmọ mẹ́rin.

Ràfíù wò mí. Kò gbọ́ orúkọ yẹn rí.

Dókítà ń kọ̀wé, kò gbé orí sókè. Ó béèrè pé, "Ìyá Ràfíù àti màmá yìí, ta ni ọkọ àwọn méjèèjì nígbà tí oyún ń bàjẹ́?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Mo ti fi ọdún tó ju ọgbọ̀n lọ mọ̀ pé Bàríkísù bí ọmọ mẹ́rin. Mo ti máa ń sọ fún ara mi pé wọ́n ti rí oògùn tó dára fún un níbẹ̀ ni.

Àyẹ̀wò tó kù kò sí ní Savalou. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ Ràfíù ní Kọ̀tọ̀nù, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí òkè òkun. Kí àbájáde tó dé, a dúró lọ́pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ràfíù ń rán aṣọ, ó ń tú u, ó ń tún un rán. Ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan ló ń gun alùpùpù lọ sí Savalou lọ kí ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń gbé omi fún un, ó ń bá a jókòó, kò sì béèrè ìgbà tí òun yóò padà sí Bantè.

Ohun tí ìwé náà sọ nìyí, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe lóye rẹ̀. Nínú àwọn ẹ̀yà tíntín tí ara fi kọ́ ara rẹ̀, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rìndínláàádọ́ta ló wà. Kúrómósómù là ń pè wọ́n. Mẹ́tàlélógún wá láti ọ̀dọ̀ bàbá, mẹ́tàlélógún láti ọ̀dọ̀ ìyá. Orí wọn ni a kọ ètò bí ọmọ yóò ṣe rí sí. Ẹ fi wọ́n wé ìwé tí a kó sínú àpò ilé ẹ̀kọ́, tí ìwé kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà méjì, ti bàbá àti ti ìyá. Nínú àpò Ràfíù, ẹni tó di ìwé ṣì dì. Ó rán àwọn ojú ewé ìparí ìwé ìṣirò kan mọ́ ìwé kíkà, ó rán ti ìwé kíkà mọ́ ìṣirò. Nínú àpò náà, kò sí ojú ewé kan tó sọnù. Ìdí nìyẹn tí ara ọmọ mi fi le, tí ọpọlọ rẹ̀ sì pé.

Ṣùgbọ́n bí ara bá ń ṣe irúgbìn, ẹ̀dà kan ṣoṣo nínú ìwé kọ̀ọ̀kan ni yóò mú. Irúgbìn kan lè mú ìwé ìṣirò tó pé, kí ó sì mú ìwé kíkà tí wọ́n ṣì dì. Ojú ewé ìparí ìṣirò yóò di méjì, ojú ewé ìparí ìwé kíkà kò ní sí rárá. Oyún tí irú irúgbìn bẹ́ẹ̀ bá dá sílẹ̀ kì í sábà pẹ́. Ara ìyá kọ́ ló lé e. Oyún náà ni kò ní ohun tí yóò fi dàgbà. Nígbà mìíràn, irúgbìn á mú èyí tó pé nínú méjèèjì, tàbí kí ó mú àwọn méjì tí a ṣì dì papọ̀, ọmọ á sì yè. Bí Ràfíù ṣe dé ilé ayé nìyẹn.

Dókítà ní irú ìpààrọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wá láti ọ̀dọ̀ òbí kan. Ìyá Ràfíù ti kú. Èmi ni mo kù láti yẹ̀ wò.

Mo fẹ́ sọ òótọ́ kan tí ojú ń tì mí láti sọ. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí mo fi dúró de àbájáde tèmi, mo ń gbàdúrà lẹ́yìn ìrun márààrún pé kí ó jẹ́ ti òkú. Obìnrin tó bá mi jìyà oyún mẹ́rin, tó fi ọmọ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún mi, mo fẹ́ kí ó tún bá mi gba ẹ̀bi náà nínú sàréè. Mo mọ ẹ̀bi tí n ó lọ bá lẹ́nu ọ̀nà Bàríkísù bí kò bá jẹ́ ti ìyá Ràfíù.

Èmi ni. Ìpààrọ̀ kan náà, lójú kan náà.

Mo ronú pé n ó lọ bẹ Bàríkísù. Wọ́n sọ fún mi ní Savalou pé ó ti kú ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹni tó ṣẹ́ kù tí mo lè bẹ̀ ni Àdìjá, mo sì bẹ̀rù pé bí mo bá tún pẹ́, ilé òun náà yóò ti tú kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mo bá a níwájú ilé bàbá rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé omi wá, ó padà sídìí àtẹ rẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ ìwé ilé ẹ̀kọ́ ṣàlàyé fún un, ti ìṣirò àti ti ìwé kíkà. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi parí. Ó ju òkúta kan nù láàárín ẹ̀wà.

"Bàbá, bí ìwé yẹn bá ti sọ pé èmi ni, ṣé ẹ máa gbé e wá hàn mí?"

Mo ti ń bi àwọn ọmọdé ní ìbéèrè ní gbogbo ayé mi. Ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí ní irú èyí.

Mo ní, "Rárá. N ò ní wá."

"Ẹ ṣeun tí ẹ ò purọ́." Ó tún ṣa ẹ̀wà díẹ̀. "Ràfíù kò ṣẹ̀ mí. Mo ṣì fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n níwájú gbogbo ilé lẹ ti ní kí wọ́n di ọlọ mi. Ẹ lọ sọ èyí náà níwájú wọn. Kí ẹ má gbé e gba ẹ̀yìnkùlé."

Mo pè wọ́n jọ ní ọjọ́ Jímọ̀, bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe pè wọ́n jọ nígbà náà. Mo dìde dúró. Mo ní àbùkù tó ń ba oyún jẹ́ nínú ilé yìí, ara èmi ni ó wà, mo sì fi lé Ràfíù lọ́wọ́ láìmọ̀. Mo ní obìnrin mẹ́ta ni a ti fi ẹ̀sùn rẹ̀ kàn, wọn kò sì mọwọ́ mẹsẹ̀. Mo dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Àlímọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mẹ́tírì, o mọ ìwé, o ò mọ ilé. Ṣé níta lo ti máa ń bọ́ ṣòkòtò?"

"Ìyá, níta náà la ti bọ́ ti Àdìjá."

Ìyá Àlímọ̀ fi ìbòrí rẹ̀ nu ojú. Nígbà tí àwọn èèyàn ń tú ká, ó di apá mi mú, ó ní, "Èmi ni mo sin Bàríkísù dé ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi." A jókòó síbẹ̀, àwa arúgbó méjì.

Àdìjá gba Ràfíù padà, ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè gbé inú àgbàlá yẹn mọ́. Ràfíù ló kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ bá a ní Savalou. Àwọn ará ìlú ń sọ pé ọkùnrin ti lọ ilé ọkọ. Mo gbọ́ ọ. Ilé mi dákẹ́ rọ́rọ́, mo ń se oúnjẹ fúnra mi, mo sì mọ̀ pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Kò sí oògùn tó ń tún kúrómósómù dì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta àgbo rẹ̀ fún yín. Dókítà ní oyún kan lè dúró lọ́jọ́ kan, ó sì lè má dúró. Ó ní ọ̀nà kan wà ní àwọn ìlú ńlá tí wọ́n fi ń yẹ ọlẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé e sínú obìnrin, ṣùgbọ́n agbára wa kò ká a. Àwọn kan máa ń gba ọmọ tọ́. Ràfíù àti Àdìjá ń rò ó. Èmi kò dá sí i. Mo ti dá sí nǹkan tó.

Mo wá àkọ́bí Bàríkísù lọ ní ọjà Savalou, níbi tó ti ń ta aṣọ. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un, mo sọ ohun tí ìwé wí. Ó ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán kí ó tó wò mí.

"Ìyá wa mọ̀," ló wí. "Ọjọ́ tí wọ́n bí mi ló ti mọ̀. Ó ní ká má sọ ọ́ ní Bantè. Ó ní àwọn èèyàn ń fi ọmọ wọn lé yín lọ́wọ́ ní ilé ẹ̀kọ́."

Mo gba ọ̀nà ilé lọ. Ẹni tí mo dójú tì ló bo àṣírí mi lójú gbogbo ayé títí ó fi kú.

Mo ti di ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin. Ara tí mo ní yìí kò dùn mí rí nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ó gbé àbùkù rẹ̀ láìkérora, àwọn obìnrin ló ń bá a kérora. Síbẹ̀ mi ò lè bínú sí i, nítorí pé òun kan náà ló fún mi ní Ràfíù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kù díẹ̀ kí ó má lè ṣe é. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọmọ náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà tó béèrè ta ni ọkọ. Lọ́wọ́ Bàríkísù, ọpẹ́ mi kò níbi tí yóò dé.

Oyún kan tún bàjẹ́ lára Àdìjá ní ọdún yìí. Ràfíù ló pè mí lórí fóònù ní òwúrọ̀. Ó ní, "Bàbá, ó tún ti ṣẹlẹ̀ sí wa."

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Savalou. Mo bá Àdìjá lórí ibùsùn, ọkọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀, ó ń fi omi gbígbóná ra ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀. Àdìjá sún díẹ̀ fún mi lórí ibùsùn náà, ó ní kí n jókòó. Mo jókòó.